Kíkó Ìwé Ìgbésí Ayé Àwọn Ayàwòrán Jọ

Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ níbí, bí ènìyàn bá ní òun ń kó nǹkan jọ, ohun tí àwọn ará ilé yóò kọ́kọ́ rò ni ilẹ̀, ilé tàbí aṣọ. Àwọn oníṣòwò obì ní Ṣágámù a máa kó obì jọ de ìgbà tí yóò wọ́n. Àwọn ìdílé ọlọ́lá a máa kó ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ òkè jọ de ọjọ́ ìnáwó. Ìwé ni èmi ń kó jọ ní tèmi, kì í sì í ṣe gbogbo ìwé. Ìwé àtijọ́ tí ó ní àwòrán nínú, tí ó sì ń sọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ayàwòrán, ni mo ti ń wá kiri láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Àwọn ojúgbà mi nínú iṣẹ́ olùkọ́ a máa bi mí pé èrè wo ni ó wà nínú rẹ̀. N óò gbìyànjú láti dá wọn lóhùn níhìn-ín, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà yóò gba ọ̀nà jíjìn kí ó tó padà dé Ìkẹ́nnẹ́.

Àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 847 ni Zhang Yanyuan parí ìwé tirẹ̀ lórí àwọn ayàwòrán olókìkí ilẹ̀ wọn. Ní ilẹ̀ Òyìnbó, ìlú Florence ní Ítálì ni ó ti fìdí múlẹ̀. Ní 1550, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Giorgio Vasari, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ayàwòrán, tẹ ìwé kan jáde lórí ìgbésí ayé àwọn ayàwòrán, àwọn agbẹ́re àti àwọn ọ̀mọ̀lé tí ó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ rẹ̀. Ìtàn ọba, ìtàn jagunjagun àti ìtàn àwọn ẹni mímọ́ ni àwọn ènìyàn mọ̀ mọ ìwé tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ń po ọ̀dà, tí aṣọ rẹ̀ kì í mọ́, ta ni yóò jókòó kọ ìtàn tirẹ̀? Vasari jókòó, ó kọ ọ́.

Nígbà tí ó tún ìwé náà tẹ̀ ní 1568, ó fẹ̀ ẹ́ lójú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì fi àwòrán ojú oníkálukú ṣíwájú ìtàn rẹ̀. Ara igi ni wọ́n gbẹ́ àwọn àwòrán náà sí kí wọ́n tó fi yíǹkì tẹ̀ wọ́n sórí ìwé. Ibi tí ó wù mí jù lọ nínú iṣẹ́ ńlá yìí ni ibi tí kò ti sí àwòrán. Vasari wá ojú àwọn mélòó kan títí, kò rí i. Kàkà kí ó fi ojú ẹlòmíràn dípò tiwọn, ó tẹ férémù wọn sílẹ̀ lófìfo, pẹ̀lú ọnà yí i ká, kí ẹni tí ń kà á lè mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnìkan wà níbẹ̀. N kò sọ pé Vasari kì í bù mọ́ ọ̀rọ̀ o. Ìtàn tí ó sọ nípa Giotto, ọmọdé tí ń da ẹran, tí ọ̀gá ayàwòrán kan bá a níbi tí ó ti ń ya àgùntàn sára òkúta, dà bí ìtàn tí à ń sọ fún ọmọdé lábẹ́ òṣùpá. Ṣùgbọ́n férémù òfìfo náà jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé, bóyá òun ni ó sì ṣe òtítọ́ jù lọ nínú gbogbo ìwé náà.

Àwọn mìíràn tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Karel van Mander tẹ tirẹ̀ jáde ní Haarlem ní 1604, Joachim von Sandrart tẹ tirẹ̀ ní Jámánì ní 1675, Arnold Houbraken sì tẹ ìdìpọ̀ mẹ́ta jáde ní Amsterdam láàárín 1718 sí 1721, pẹ̀lú ojú àwọn ayàwòrán ilẹ̀ wọn tí a fín sára bàbà. Àwọn ìwé wọ̀nyí ni àwọn olówó ilẹ̀ Òyìnbó ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí di òní. N kò ní ẹyọ kan nínú wọn, n kò sì retí pé n óò ní in. Ohun tí mo ní ni ìdìpọ̀ méjì nínú mẹ́wàá tí Gaston de Vere fi túmọ̀ Vasari sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní London láàárín 1912 sí 1915 pẹ̀lú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àwòrán. Mo sì ní mẹ́rin nínú àwọn ìwé kékeré tí wọ́n ń pè ní Masterpieces in Colour, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ ìtàn ayàwòrán kan, tí ó sì ní àwòrán aláwọ̀ mẹ́jọ nínú.

Ẹrù olùkọ́ àgbà kan tí ó ti dolóògbé ni mo ti rà wọ́n. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi yàrá náà gba ayálégbé, wọ́n sì kó ìwé bàbá wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo délé, tí mo ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé ní etí ojú-ìwé kan, ẹnìkan ti fi pẹ́ńsù ṣe àdàkọ ọwọ́ obìnrin kan tí ó wà nínú àwòrán ojú kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe é. Èkíní kò jọ ọwọ́ rárá. Èkejì dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ̀kẹta jọ ọwọ́. Gbogbo wa ni a mọ bàbá náà sí olùkọ́ ìṣirò, a kò sì gbọ́ ọ rí pé ó ń yàwòrán.

Àdàkọ mẹ́ta yìí ni ó mú mi rántí Àìná Ọnàbólú, nítorí pé bí òun náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò jìnnà sí wa, ni a ti bí i ní 1882. Ní àkókò náà, kò sí ilé-ìwé kan ní ilẹ̀ yìí tí ó ń kọ́ ọmọ bí a ti í fi ọ̀dà ya ojú ènìyàn. Inú ìwé àti ìwé ìròyìn tí ó ti òkè òkun wá ni Ọnàbólú ti rí àwòrán, tí ó sì ń dà wọ́n kọ láti kékeré. Ó di akọ̀wé ìjọba ní Èkó, ó ń fi àkókò tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ yàwòrán, kò sì sí olùkọ́ kan tí ó dúró tì í. Ní 1906 ó ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage pẹ̀lú ọ̀dà olómi, ẹni tí ó bá sì rí àwòrán náà, kò ní gbà pé ẹni tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan ni ó yà á.

A gbọ́dọ̀ rántí ohun tí àwọn òyìnbó kan ń sọ ní ayé ìgbà náà. Wọ́n ní ọwọ́ ènìyàn dúdú kò lè ya ojú ènìyàn kí ó jọ ọ́. Wọ́n ní ère nìkan ni ó mọ̀ ọ́n gbẹ́, èyí tí wọ́n sì ń pè ní òrìṣà kèfèrí. Ọ̀rọ̀ yìí ni Ọnàbólú fi gbogbo ayé rẹ̀ dá lóhùn. Ó ya àwọn ènìyàn pàtàkì Èkó, lára wọn ni Dókítà Ọ̀gúntọ́lá Sàpárà, oníṣègùn tí ó gbógun ti ṣọ̀pọ̀ná. Ní 1920 ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní Èkó, tí ó pè ní A Short Discourse on Art, ó sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí London, sí ilé-ẹ̀kọ́ St. John's Wood. Ó dé Paris pẹ̀lú, sí Académie Julian. Ní 1922 ó padà wálé, ó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ohun tí ó jìnnà ti í kéré lójú tí èyí tí ó wà nítòsí sì í tóbi. Ó tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ ọ́ ní Mr. Perspective. Òun náà ni ó rọ ìjọba títí wọ́n fi mú Kenneth Murray wá ní 1927 láti bá a kọ́ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà Murray àti tirẹ̀ kò bára mu: Murray fẹ́ kí àwọn ọmọ tẹ̀ lé iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀, Ọnàbólú sì fẹ́ kí wọ́n mọ gbogbo ohun tí òyìnbó mọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí. Ọkùnrin tí ó jẹ́ pé ìwé aláwòrán ni olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, ta ni ó kọ ìwé aláwòrán nípa tirẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè? Nígbà tí ó kú ní 1963, Nigeria Magazine gbé àkọsílẹ̀ kan jáde nípa rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà, tí Dàpọ̀ Ọnàbólú kọ. Ojú-ìwé rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ó ti ṣe tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Ọdún 1987 ni, ní àdúgbò Sábó ní Ṣágámù. Ìyá kan ń ta ẹ̀pà, ó sì to ìwé tí yóò fi wé e sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ. Mo dá ẹ̀yìn Nigeria Magazine mọ̀ láti ọ̀ọ́kán.

“Ẹ kú ọjà o, Ìyá.”

“Ẹ káàbọ̀, Tíṣà. Ẹ̀pà eélòó ni kí n wé fún yín?”

“Ìwé tí ẹ fi ń wé e ni mo fẹ́ rà.”

Ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀. “Ìwé tí kò sí ẹ̀pà nínú rẹ̀? Tíṣà, ṣé kò sí o?”

Mo ní kò sí nǹkan kan, ìwé náà ni mo ń wá. Ó bu owó lé e, mo san án, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀pà ìgò kan lé e ní èènì, kí wọ́n má ba à sọ láàárín ọjà pé òun ta pàǹtí fún Tíṣà. Ẹ̀dà mọ́kànlá ni mo kó délé. Ti oṣù Kejìlá 1963 wà lára wọn, ewé kan nínú àkọsílẹ̀ Ọnàbólú sì ti bá ẹ̀pà lọ. Ọdún méje ni mo fi wá ewé kan ṣoṣo yẹn, kí n tó rí ẹ̀dà mìíràn tí ó pé lọ́wọ́ òǹtàwé kan ní Ìbàdàn. Ní ti ìwé pẹlẹbẹ ti 1920, mo ti béèrè rẹ̀ lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba, mo béèrè rẹ̀ ní Yábàá, mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìdílé àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. N kò tíì fi ọwọ́ kàn án.

Orúkọ Ọnàbólú pàápàá tó ohun tí à ń gbé yẹ̀ wò. Ọnà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ó ti bẹ̀rẹ̀ Ọnàbánjọ, Ọnàṣànyà, Ọnàdípẹ̀ àti Ọnàfọwọ́kàn. Irú orúkọ báyìí pọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ bí ilẹ̀ bí ẹní, àwọn ìdílé tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọnà láti ìran dé ìran ni ó sì ni ín. Bí mo bá ka orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì mi láyé ìjọ́un, orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò jẹ́ ti ọlọ́nà. Bí mo bá wá béèrè pé ọnà wo ni bàbá ńlá rẹ ṣe, àbí ère, àbí ìlẹ̀kẹ̀, àbí awọ, ọmọ náà yóò wo ilẹ̀. Orúkọ ti di férémù, kò sí ojú nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé oríkì ni ìwé ìgbésí ayé tiwa. N kò jiyàn. Olówè ará Ìsẹ̀-Èkìtì, agbẹ́gilére tí ó gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn fún àwọn ọba, kú ní 1938 láìsí ẹni tí ó kọ ìwé lórí rẹ̀. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀, Olójú-ifun, kì í fún John Pemberton tí ó wá láti Amẹ́ríkà, inú oríkì yẹn ni ayé sì ti mọ irú ènìyàn tí Olówè jẹ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1998, ni Roslyn Walker kó àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé ńlá kan. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i: oríkì sọ irú ẹni tí ó jẹ́, ìwé aláwòrán sì fi ohun tí ó ṣe hàn. Bí aya yẹn bá ti kú ní 1987, ìdajì ènìyàn ni a ó máa pè ní Olówè.

Ti àwọn ayàwòrán tiwa gan-an le ju ti agbẹ́gilére lọ, nítorí pé igi a máa pẹ́ díẹ̀. Obìnrin ni ó ń ya àwòrán sára ògiri ojúbọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, àwọn obìnrin a máa po àwọ̀, wọn a sì kun ògiri náà ní ọdọọdún kí ọdún òrìṣà tó dé. Òjò a fọ̀ ọ́, oòrùn a pa á, wọn a sì tún un kùn. Ó tọ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí kíkùn náà gan-an ni ìsìn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kùn ún láyé bàbá ńlá wa, kò sí ìwé tí a lè ṣí láti ka ìtàn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 2008 ni ìwé Bọ́lájí Campbell lórí àwòrán ojúbọ jáde, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Férémù tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lóǹkà.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn tí ó ń bi mí léèrè pé kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni ó ń sọ ìwé di ohun àtijọ́. Ìwé Vasari ti 1568 ti ju ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ọdún lọ, síbẹ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ rí i yóò rí i nínú àwọn ilé ìkàwé ńláńlá ní Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ bí ẹyin. Ìwé Art in Nigeria 1960 tí Ulli Beier ṣe ní ọdún òmìnira, àgbàlagbà ènìyàn ju òun alára lọ. Ẹ lọ wá a káàkiri ilé-ìwé gíga tí ó wà ní Rẹ́mọ, kí ẹ tó mọ èyí tí ó ṣọ̀wọ́n jù nínú méjèèjì. Ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí Akínọlá Láṣekàn tẹ̀ ní 1944, Nigeria in Cartoons, bébà ayé ogun ni wọ́n fi ṣe é. Bí a bá ṣí i pẹ̀lú agbára, yóò fọ́ bí ìpékeré. Ìtàn ìgbésí ayé tí Twins Seven-Seven sọ fúnra rẹ̀, Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní 1999, díẹ̀ ni ó sì dé ibí. Bruce Onobrakpeya ni ó gbọ́n jù lójú tèmi. Ó dá ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó, ó ń tẹ ìwé iṣẹ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán, irú The Spirit in Ascent ti 1992. Kò dúró de Vasari kankan.

Ohun tí ìwé àti àwòrán títẹ̀ lè ṣe fún ayàwòrán kò kéré. Ní 1973 sí 1974, Ben Enwonwu ya Adétutù Adémilúyì, ọmọ ìdílé ọba Ilé-Ifẹ̀, ó sì pe àwòrán náà ní Tutu. Àwòrán náà gan-an pòórá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sórí bébà, ẹ̀dà yìí sì wà lára ògiri pálọ̀ kárí Nàìjíríà. Mo mọ ilé méjì ní Ìkẹ́nnẹ́ tí ó ti wà, tí wọn kò mọ ẹni tí ó yà á. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tí Enwonwu yà jáde láti inú ilé kan ní London ní òpin ọdún 2017, tí wọ́n sì tà á ní 2018 ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù kan owó pọ́n-ún, kò sí ẹni tí ó nílò kí a ṣàlàyé ojú Adétutù fún un. Bébà ni ó tọ́jú ojú náà dè wá.

Bébà kan náà ni ikán ń jẹ. Ẹni tí yóò kó ìwé jọ ní ilẹ̀ wa yìí ń jà pẹ̀lú ohun tí Houbraken kò mọ̀. Ní àkókò òjò, ojú-ìwé aláwòrán tí ń dán a máa lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí a bá fi ipá ya wọ́n, àwọ̀ àwòrán a bá ojú kejì lọ. Ní ọyẹ́, ẹ̀yìn ìwé a sán. Aáyán fẹ́ràn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi di ìwé àtijọ́ ju oúnjẹ lọ. Orí àpótí onírin ni mo gbé tèmi lé, tí mo ti àpótí náà sẹ́yìn kúrò lára ògiri, tí mo sì ń fi ewé dóńgóyárò gbígbẹ sí àárín. N kì í lo káńfọ̀ mọ́, nítorí òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí ènìyàn lè jókòó kàwé.

Ọ̀tá kan wà tí ó burú ju ikán lọ, ọmọ ènìyàn sì ni. Bí mo bá ra ìwé aláwòrán, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe ni kí n ka àwòrán inú rẹ̀, kí n fi wé iye tí a kọ sí iwájú ìwé. Àwọn òǹtàwé kan a máa fi abẹ fa àwòrán yọ, wọn a fi férémù sí i, wọn a tà á fún ẹni tí ó fẹ́ fi ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, wọn a sì ta èèpo ìwé fún èmi. Nínú ìdìpọ̀ méjì Vasari tí mo ní, àwòrán mọ́kànlá ni abẹ ti mú lọ. N kò lè fi ẹnu ire pe irú òwò bẹ́ẹ̀. Ìtàn ayàwòrán tí a yọ àwòrán inú rẹ̀ dà bí ìgbà tí a sọ oríkì ẹni tí a kò dárúkọ.

Ilẹ̀ Rẹ́mọ kì í ṣe ilẹ̀ aláìníwèé. Ní Ìkẹ́nnẹ́, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kó ìwé àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ sí ilé ìkàwé tí ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ pè, Ṣópolú, àwọn tí ó ń kọ ìtàn Rẹ́mọ sì ti jẹ níbẹ̀ yó. Ìwé Ìsarà tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní 1989 nípa bàbá rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, inú àpótí onírin kan ni ó ti bẹ̀rẹ̀: lẹ́tà díẹ̀, ìwé ìròyìn àtijọ́, rìsíìtì owó orí, àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ohun tí ẹlòmíràn ìbá dáná sun nígbà tí ó ń gbálẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ni. Olóyè Ṣẹ́gun Olúṣọlá, ọmọ Ìpẹru, ẹni tí ó dá eré Village Headmaster sílẹ̀, tí ó sì kú ní 2012, sọ ilé rẹ̀ ní Sùúrùlérè di ibi àfihàn iṣẹ́ ọnà, Àjíbúlù-Mọ́níyà, níbi tí àwọn ayàwòrán ti ń bá ara wọn pàdé. Òṣèlú, ìwé kíkọ, eré orí tẹlifíṣọ̀n: a ní ẹni tí ó tọ́jú ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo ń sọ èyí nítorí lẹ́tà kan tí ó dé sí mi lọ́dún tó kọjá. Ọmọ mi tí ó wà ní London ni ó fi í ránṣẹ́. Ó ní òun pàdé òyìnbó kan tí ń kó ìwé iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà jọ, òun sì sọ̀rọ̀ ìwé mi fún un. Ọkùnrin náà kò bìkítà fún Vasari mi, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ àwọn ìwé kékeré aláwọ̀ mẹ́jọ. Nigeria Magazine ni ó fẹ́, àti Láṣekàn, àti Art in Nigeria 1960, àti àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pín níbi àfihàn ní Èkó àti Ìbàdàn láti 1960 sókè. Iye tí ó dá lé e ju owó ìfẹ̀yìntì ọdún mẹ́rin mi lọ. Ọmọ mi kò fi ipá mú mi. Ó kàn béèrè pé, “Bàbá mi, ta ni ẹ fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ fún?”

N kò bínú sí òyìnbó náà. Ní 1993, nígbà tí mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti bí àwọn ayàwòrán Nàìjíríà kan àti ọdún tí wọ́n bí wọn, ìwé tí Bernice Kelly kó jọ, tí Janet Stanley sì ṣe olóòtú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ni mo ní láti wá kiri. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a ti ṣe nílé ni wọ́n bá wa ṣe, wọ́n sì ṣe é dáradára. Bí ìwé mi bá dé London, ikán kò ní jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Ṣágámù tí ń jẹ́ Ọnàṣànyà, tí ó ń fi pẹ́ńsù ya ọwọ́ sí etí ìwé ìṣirò rẹ̀, yóò gba físà kí ó tó mọ̀ pé ẹnìkan láti Ìjẹ̀bú-Òde ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ti kọ̀wé sí ọmọ mi pé kí ó sọ fún ọkùnrin náà kí ó dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ ní ilé-ìwé rí ń wá sí ilé mi ní ọjọọjọ́ Sátidé. Èmi a máa ṣí ojú-ìwé, òun a sì máa fi fóònù rẹ̀ yà á lẹ́bàá fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè tó. Orí Nigeria Magazine ni a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó ń gbó jù. A ti dé ọdún 1961.